Ohùn Àjà Ihò

Ìyàwó mi kì í fẹ́ kí n fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn ilé wa ní Dàda Estate bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Mo gbọ́dọ̀ kàn án, kí n dúró. Òun á béèrè láti ilé ìdáná pé, "Ṣé ó le, àbí ó ṣófo?" Èmi á ní, "Ó le." Nígbà náà ni yóò tó wá ṣí i.

Ìdí iṣẹ́ mi ni a ti rí ọ̀rọ̀ náà. Ní ẹ̀yìn Iwaraja, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà lábẹ́ ilẹ̀, èmi ni mò ń ṣọ́ àjà ihò kó má baà wó lé èèyàn lórí. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, màá fi ọ̀pá irin gígùn kan òkúta òkè, màá tẹ́tí. Èyí tó dì dáadáa a máa dún bí agogo. Èyí tó ti là nínú a máa dún bí àpótí òfìfo.

Lọ́jọ́ tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú ìyàwó mi, kò sí ohun tí kò dún òfìfo létí mi, títí kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi. Nítorí náà, nígbà tí mo dé kọ̀rọ̀ ihò, tí àjà dáhùn bí àpótí, n kò gba etí mi gbọ́. Mo tún un kàn. Ohùn kan náà ni. Mo ní kí gbogbo wọn jáde.

"Ọ̀gá, ibí yìí náà la gbà lánàá," ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ wí.

Ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀ ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Bí wọ́n bá kan orí mi báyìí, wọ́n á ní ó ṣófo."

"Wọn ò sì ní purọ́!" ni olórí náà dá a lóhùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò sí etí mìíràn tí mo lè yá. Mo dúró títí ẹni ìkẹyìn fi jáde, mo sì ránṣẹ́ lọ gbé òpó igi tí a ó fi ti àjà náà.

Òpó kò tíì dé tí ibẹ̀ fi wó. Eruku rú jáde bá wa níta. Ẹni tó fi orí rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ bọ́ akoto, ó fọwọ́ pa orí náà, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Bí mo ṣe ń wakọ̀ bọ̀ láti Iléṣà sí Òṣogbo, mò ń to ìtàn náà bí n ó ṣe sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Mo yọ ti eruku kúrò, kó má baà ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo délé, mo kan ilẹ̀kùn, mo dúró.

Àwọn ọmọ wa tó wá fún ìsìnkú ti padà sílé wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo mú ìdì kọ́kọ́rọ́ jáde lápò. N kò mọ èyí tó ń ṣí i.