Ẹyẹlé Tó Fẹ́ Ọwọ́ Ọkọ Mi

Ológbò ló pa ìyá ẹyẹlé náà lórí òrùlé wa ní Gwarinpa. Ọdún tí ọkọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni. Àwọn ọmọ ti lọ tán, ilé dá páropáro. Ọkọ mi gun àkàbà, ó gbé ọmọ ẹyẹlé náà sọ̀ kalẹ̀. Kò tí ì hu ìyẹ́. Ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là ni.

Ọkọ mi a rẹ àgbàdo sómi, a mú un sáàárín ìka, ẹyẹ náà a ti ẹnu bọ ibẹ̀ bí ẹni pé ẹnu ìyá rẹ̀ ni. Kò sí ẹyẹlé mìíràn nílé. Ọwọ́ yẹn nìkan ló mọ̀.

Nígbà tó dàgbà, ọkọ mi gbé ọwọ́ lé tábìlì lọ́jọ́ kan. Ẹyẹ wú ọrùn, ó ń kùn, ó ń tẹrí ba, ó ń pòòyì yí ọwọ́ náà ká.

"Dádì, kí ló ń ṣe é?" ni mo bi ọkọ mi.

"Ó ń kọ ẹnu ìfẹ́ sí mi ni! Mọ́mì, o ti ní orogún." Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í hàn án léèmọ̀.

Àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ní Durumi, dókítà ẹranko, kò rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tètè wá ẹyẹlé ẹgbẹ́ rẹ̀ fún un. Ẹni tó tọ́ ẹyẹ láti kékeré ni ẹyẹ máa ń kà sí ẹ̀yà tirẹ̀. Tó bá tó aya ní, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa wá kiri."

A ní a ó ra abo. A ò rà á. Ikọ́ yẹn ò lọ mọ́. Kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró, a ti sin ọkọ mi sílé ní Kabba.

Nígbà tí mo padà dé, orí àga rẹ̀ ni mo bá ẹyẹ náà. Àwọn tó wá kí mi ń sọ pé, "Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá yẹrí lọ́jọ́ ikú." Ìtùnú ni wọ́n pè é.

Mo ra abo funfun kan, mo fi wọ́n sínú àgò kan náà. Abo sún mọ́ ọn, ó ń fẹnu tún ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ ṣe. Akọ fẹnu gún un lórí títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Mo yà wọ́n. Abo náà yé ẹyin méjì, ó sàba lé wọn lóun nìkan. Kò sí èyí tó pa nínú ẹyin náà.

"Ó ti pẹ́ jù, ìyàwó wa," ni àbúrò ọkọ mi wí lórí fóònù. Mo gbé abo náà fún aládùúgbò kan tó ní ẹyẹlé púpọ̀.

Èyí tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án. Á wú ọrùn, á kùn fún ọwọ́ mi. Mi ò lé e. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò sẹ́ni tó di ọwọ́ mi mú.

Nígbà ọyẹ́, mo bá a ní òkú nínú àgò. Mo wa ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, mo sin ín. Mo pe ọmọbìnrin mi, mo sọ fún un.

"Pẹ̀lẹ́, Mọ́mì. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Mo ní mo ti jẹun. Mi ò tí ì jẹ nǹkan kan.