Búlọ́ọ̀kù Kan Lórí Tábìlì Gàníyù

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Sájẹ́ǹtì Gàníyù ti ń wá àmì ìka fún ọlọ́pàá ní Ìkẹjà. Lára gíláàsì. Lára páànù. Lára fóònù tí wọ́n jí. Ohun tó bá ń dán kì í pa irọ́ fún un. Búlọ́ọ̀kù ló máa ń dá a lágara.

Èyí tó wà níwájú rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, òun ni wọ́n fi fọ́ orí bàbá ọlọ́dẹ ní ilé ìṣẹ́ búlọ́ọ̀kù kan ní Agége. Ìdí kànga ni wọ́n ti rí i, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ṣì wà nínú àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀. Wọ́n ti Reuben, ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, mọ́lé, torí pé òun àti bàbá náà bú ara wọn lọ́jọ́ tó ṣáájú. Reuben ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ búlọ́ọ̀kù náà, nítorí náà ìka tirẹ̀ kò lè sọ nǹkan kan. Ìka ẹlòmíràn nìkan ló lè yọ ọ́.

Gàníyù fi búrọ́ọ̀ṣì fọ́n lẹ́búlẹ́bú dúdú sí i. Ihò gbé e mì. Ó da oògùn tí wọ́n fi ń wá òógùn ọwọ́ lára ìwé sí i. Òfo. Kò tilẹ̀ rí ti Reuben. Ìyẹn ló yà á lẹ́nu.

Lọ́jọ́bọ̀, Stella ìyàwó Reuben wọlé.

"Ẹ káàsán, Ọ̀gá. Ẹ ti rí i?"

"Jókòó ná, ìyàwó wa."

"Bí mo bá jókòó, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ òyìnbó."

"Mi ò ní sọ òyìnbó. Ta ló kọ́kọ́ débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?"

"Èmi ni. Èmi ni mo máa ń bomi rin búlọ́ọ̀kù tuntun kí oòrùn tó mú. Bí wọn ò bá mumi, wọ́n á sán."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀. Títí kan ọ̀kan tó wà nídìí kànga. Mo ní ó já bọ́ lọ́wọ́ wọn ni. Ó dà bíi pé ẹrẹ̀ wà lára ẹ̀, mo bá fọ̀ ọ́ dáadáa. Ìgbà tí mo lọ dá garawa padà ni mo rí bàbá nílẹ̀."

Gàníyù yíjú sí búlọ́ọ̀kù orí tábìlì.

"Ṣé mo ṣe nǹkan ni, Ọ̀gá?"

 

"Iṣẹ́ rẹ lo ṣe."

"Ẹ bá mi tún un wò, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ó mú búrọ́ọ̀ṣì. Ó ti mọ̀ pé omi ti fọ àmì lọ. Ó ń fọ́n lẹ́búlẹ́bú, Stella na ọrùn, ó ń wò ó bó ṣe ń rọ́ sínú ihò.