Opó Àbí Àpọ́n

Ọmọ mi obìnrin ti bẹ̀ mí láti ilé. A ń múra lọ́wọ́, ó ń so okùn bàtà rẹ̀, kò wò mí lójú.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, tí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá bi yín, ẹ ní èmi lẹ wá mú. Ẹ má sọ pé ẹ̀yin náà ṣe é."

Mo ní ó dáa.

Ọdún yẹn ni èmi àti òun jọ ṣe ìdánwò àṣewọlé yunifásítì. Òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìròyìn. Èmi fẹ́ kọ́ èdè Yorùbá, kí n lè fi ìwọ̀nba ọdún tó kù ṣe olùkọ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà nílùú wa kí bàbá mi tó kú, tí wọ́n fi mú mi wá kọ́ iṣẹ́ káfíńtà n'Íkòsì. Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó padà sílé ìwé alẹ́. Ìyàwó mi ló tì mí lọ. Bí mo bá ń jẹun, á ṣí ìwé mi, á máa bi mí ní ìbéèrè. Ó kú kí èsì ìdánwò ìwé mẹ́wàá mi tó jáde. Ó ti ní kí n má dúró síbẹ̀. Ìdí tí mo fi forúkọ sílẹ̀ nìyẹn, ọmọ mi sì mọ̀.

Ibùdó kan náà ni wọ́n pín wa sí ní Kétu, ṣùgbọ́n mo wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé. Ọmọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní, "Daddy, àwọn òbí ò gbọdọ̀ wọlé o." Mo fi ìwé mi hàn án. Ó wo fọ́tò, ó wò mí. "Háà! Ẹ kú ìgboyà, sà." Ẹ̀rọ tó ń ka ìka kò tètè gba tèmi, torí bébà tí a fi ń ha pákó ti jẹ ojú ìka mi. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn mi ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo jáde, mo lọ jókòó ti àwọn òbí lábẹ́ àtíbàbà tó wà lójúde. Ibẹ̀ ni mo wà tí ọmọ mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi jáde, tí wọ́n ṣù jọ síwájú wa, tí wọ́n ń fi ìdáhùn wéra.

"Ta ló rí ti ọkùnrin tí ìyàwó ẹ̀ kú?" ọmọkùnrin kan tó ga gbọọrọ béèrè.

Ìbéèrè yẹn wà nínú tèmi náà, nínú ìdánwò Yorùbá: kí ni à ń pe ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú? Ìdáhùn mẹ́rin ló wà lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ti jẹ gbogbo àmì ohùn. "Apon" wà níbẹ̀. "Opo" wà níbẹ̀. Kò sí àmì kankan lórí wọn.

"Apọ̀n ni mo kà á sí o," ọmọbìnrin kan wí. "Mo ní, ta ló tún ń se ọbẹ̀ nínú ìdánwò?"

"Alájẹkì! Àpọ́n ni. Ọkùnrin tí ò níyàwó nílé."

"Èmi mú òpó," ọ̀kan tó wọ awò ojú wí. "Òpó ilé. Ṣebí ọkùnrin ni òpó ilé?"

"Wọ́n ní ìyàwó ẹ̀ kú, ìwọ sọ ọ́ di igi! Olódo!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀kan wá rọra sọ pé, "Ó sì lè jẹ́ opó."

Ọmọ mi ló dá a lóhùn. "Opó kẹ̀? Obìnrin ló ń jẹ́ opó. Ṣé o rí ọkùnrin tó ṣe opó rí? Ta ló fá orí ẹ̀? Ta ló ní kó má jáde nílé? Àpọ́n ni jàre. Mo mọ̀ ọ́n."

Mo mọ ibi tó ti mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀ kò tíì pẹ́ nílẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò ti ń kí mi ní "àpọ́n wa". Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n padà sí ṣọ́ọ̀bù, pé ọkùnrin kì í jókòó ti òkú ìyàwó. Mo fẹ́ wọ aṣọ dúdú, wọ́n ní ti kí ni. Kí oṣù tó yí po, àwọn ìyá ìjọ ti ń dárúkọ ẹni tí yóò máa bá mi dáná. Ọmọ yìí wà nílé, ó ń gbọ́.

Opó ni èmi mú. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọkùnrin gíga yẹn kọjú sí mi. "Ẹ jẹ́ ká bi Daddy yìí. Daddy, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin àgbà lẹ ni Yorùbá. Ọkùnrin tí ìyàwó ẹ̀ kú, kí là ń pè é?"

Ọmọ mi wò mí lójú wàyí.

"Mi ò mọ̀," mo ní. "Ọmọ ni mo wá mú."

"Ẹ ò rí i? Àwọn àgbà gan-an ò mọ̀ ọ́n!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín, kò pariwo.

Nínú kẹ̀kẹ́ tí a wọ̀ lọ sílé ló tó bi mí.

"Daddy, kí lẹ mú níbẹ̀?"

"Opó."

"Háà. Ẹ ti ṣì í nìyẹn." Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Máàkì mi ló ń ṣàánú. Mo dúró bóyá yóò sọ nǹkan mìíràn, bóyá yóò dárúkọ ìyá rẹ̀. Ó bi mí bóyá gáàsì ṣì wà nílé.

Èsì jáde. Èsì kì í sọ ìbéèrè tí èèyàn gbà àti èyí tó ṣì, nọ́ńbà lásán ni. Tirẹ̀ tó. Tèmi kò tó. A lọ dúpẹ́ tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ti wà ní yunifásítì. Ó wá sílé, ó bá mi ní ṣọ́ọ̀bù níbi tí mo ti ń ha pákó.

"Daddy, ṣé ẹ máa tún un ṣe?"

"Rárá."

Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Mo gbọ́ ọ.