Epo Tí Mo Rọ fún Tòlótòló Ìyá Mi

Ká ní mo ní sùúrù ni, tòlótòló ìyá mi kì bá tí kú.

Lẹ́yìn tí bàbá wa kú ni ìyá mi ra méjì, akọ kan, abo kan, sílé wa ní Fìdítì. Kò rà wọ́n fún títà, kò sì rà wọ́n fún pípa. Tó bá jókòó sórí àpótí tó ń bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á wá dúró tì í. Akọ á wú, á na ìrù, orí rẹ̀ á pọ́n, ìyá mi á sì bú sẹ́rìn-ín: “Ọkọ ìyàwó, mo ti rí ọ, ó tó!” Abo ló fẹ́ràn jù, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló ti ń jẹ àgbàdo. Ká sòótọ́, mo máa ń jowú ẹyẹ yẹn. Èmi tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá bá a gbé, tòlótòló ló kọ́kọ́ ń bi bóyá ó ti jẹun.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó ń lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ ní Ìlọrà. Ó ti jókòó sórí ọ̀kadà kó tó yíjú padà: “Bá mi mójú tó wọn o.”

Mo ní, “Ẹ máa lọ, Mà. Ṣé ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ni?”

Kò pẹ́ tí mo dé ẹ̀yìnkùlé ni mo bá abo nílẹ̀. Ó fi àyà lẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọrùn síwájú. Mo tì í, kò dìde. Mo gbé e dúró, ó tún wólẹ̀. Yéè! Àná ni aládùúgbò wa fín oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko sí ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Mo gbé! Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá mi?

Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ohun tó bá jẹ májèlé, epo pupa là ń rọ fún un, ìbáà ṣe ènìyàn, ìbáà ṣe ewúrẹ́. N kò bi ẹnì kankan. Mo sáré gbé ìgò epo, mo fi orúnkún di ẹyẹ náà mú, mo ya ẹnu rẹ̀, mo dà á sí i. Ó ń jà. Mo ní, “Gbé e mì, jọ̀ọ́, má dójú tì mí.” Mo tún dà á. Epo gba imú rẹ̀ jáde, ó gbọn ìyẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́ sí mi lọ́wọ́.

Mo ti pinnu pé màá sọ pé oògùn koríko ló pa á. Nígbà tí ìyá mi dé, mo ṣàlàyé bó ṣe lẹ̀ mọ́lẹ̀ tó na ọrùn, tí kò dìde.

Ó tẹjú mọ́ mi. “Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe láàárọ̀ yìí. Akọ ló ń fẹ́. Bí abo tòlótòló ṣe máa ń ṣe nìyẹn tó bá fẹ́ kí akọ gùn ún. Kí ló wá pa á?”

N kò lè pa irọ́ náà mọ́. “Èmi ni, Mà. Mo rọ epo fún un.” Mo bú sẹ́kún, tàgbàtàgbà mi.

Kò bú mi. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí díẹ̀. Akọ ń pòyì yí òkú náà ká, ó ń wú, ó ń dún. Ìyá mi wò ó títí.

Ó ní, “Bá mi wá ẹni tó máa gbé eléyìí lọ lọ́la. Mi ò lè máa wò ó bó ṣe ń wá aya rẹ̀ kiri inú ilé yìí. Mo mọ bó ṣe ń rí.”