Àwọn Ọ̀bọ Tó Mọ Ohùn Abọ́ Mi

Òórùn epo pupa tó ń gbóná nínú agbada ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, kí n tó rántí àwọn ọ̀bọ. Dòdò Ìkirè ni mò ń dín nígbà náà, létí títì tó ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà abúlé wa tó wà láàárín Ìkirè àti Àpòmù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí ẹlòmíràn ì bá dànù, la fi ń ṣe é. A ó gún un mọ́ ata àti iyọ̀, a ó sì dín in títí yóò fi dúdú. Mo ti lé lógún ọdún, mi ò tíì lọ́kọ, ẹnu mi sì mú bí abẹ. Mo rò pé kò sóhun tí mi ò mọ̀.

Bàbá mi ni olórí àwọn ọdẹ abúlé. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọn kì í pa ìrun jẹ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọdẹ ni wọ́n bá lọ́wọ́ bàbá tiwọn. Lọ́dún tí wọ́n ya Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, tíṣà kan láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn Áńgílíkà wá bá wọn. Ó ní irú ọ̀bọ tó wà nínú igbó etí odò wa kò wọ́pọ̀ mọ́. Ó ní bí a bá dẹ́kun àtimáa pa wọ́n, àwọn èèyàn yóò máa wá láti Ifẹ̀ àti Ìbàdàn láti wò wọ́n, abúlé yóò sì rí jẹ níbẹ̀. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò wọkọ̀ láti Ìbàdàn wá wo ọ̀bọ? Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n rò ó fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n pe gbogbo ọdẹ jọ, wọ́n sì fẹnu ara wọn sọ pé ẹni tó bá yìnbọn nínú igbó náà, àwọn gan-an ló yìn ín lù. Wọ́n fi ìbọn tiwọn há àjà.

Àwọn èèyàn wá lóòótọ́. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń wá, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, òyìnbó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Àwọn ọdẹ ló ń mú wọn wọgbó, àwa obìnrin ń tajà fún wọn. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ọ̀bọ ò mọ̀ pé a ti dẹ̀yìn lẹ́yìn àwọn. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ èèyàn, wọ́n á sá. Àlejò á dúró títí, á wo ewé, á sì fajú ro padà sínú ọkọ̀. Ẹni tó fajú ro kì í ra dòdò.

Àwọn àgbà ní bí a bá fẹ́ mú ọ̀bọ, à á ṣe bí ọ̀bọ. Èmi ò fẹ́ mú un, mo kàn fẹ́ kó dúró ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n lọ sétí igbó láràárọ̀, nínú abọ́ páànù tí mo fi ń po ọ̀gẹ̀dẹ̀. Màá dà á sílẹ̀, màá fi ṣíbí lu etí abọ́ náà, màá wá lọ jókòó lábẹ́ igi. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó yá, kí n ṣáà ti lu abọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo wọn ti dé, ìyá tòun ti ọmọ tó rọ̀ mọ́ ọn níkùn. Àlejò ń pọ̀ sí i. Tíṣà ní ọlọ́gbọ́n ni mí. Bàbá mi wo abọ́ náà, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ṣebí irú ohùn yìí la fi ń lé wọn lóko?” Mo ní, “Bàbá, ayé ti yí.” Ó yẹ kí ẹnì kan ti gbá mi létí lọ́jọ́ náà.

Gbogbo àgbẹ̀ ló mọ ohun tí bàbá mi ń sọ. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, agolo àti páànù la fi ń lé ọ̀bọ kúrò nínú oko. Nígbà tí àwọn ọ̀bọ wa wá pọ̀ tí igbó ò gbà wọ́n mọ́, wọ́n wọ oko kòkó. Olóko lu agolo. Dípò kí wọ́n sá, àwọn tó kù nínú igbó tún sáré wá bá àwọn tó wà lóko. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wojú olóko, wọ́n ń retí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ fi í ṣẹ̀rín. Ìgbà tí wọ́n jẹ oko mẹ́ta run, ẹ̀rín tán. Mo dẹ́kun àtimáa gbé oúnjẹ lọ, wọ́n bá wá mi wálé. Wọ́n ń wọ ilé ìdáná. Ọ̀kan nínú wọn bu ìyàwó àbúrò bàbá mi jẹ lápá níbi tó ti ń sọ ẹrù ọ̀gẹ̀dẹ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ náà wú, kò sì ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ títí tí ìyá náà fi kú.

Wọ́n ṣèpàdé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Tíṣà bẹ̀bẹ̀ títí, ó ní ká fún òun láyè díẹ̀ sí i. Àgbẹ̀ kan dá a lóhùn pé, “Tíṣà, ẹ̀yin ń gbowó oṣù. Kòkó ni tiwa.” Àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ ti ń wo ojú ara wọn. Bàbá mi dìde. Wọ́n ní, “Èmi ni mo ní kẹ́nikẹ́ni má yìnbọn. Tí yíyìn bá dé, èmi náà ni n ó yìn ín.” Wọ́n wá yíjú sí mi láàárín àwọn obìnrin. “Ìwọ, gbé abọ́ rẹ lọ sétí igbó lọ́la. Tá a bá ń lé wọn kiri inú igbó, a ó kàn máa ṣe wọ́n léṣe lásán ni.”

Mo gbé e. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo da ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, mo lu abọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn ọ̀bọ sì wá. Ṣakabùlà ni ìbọn bàbá mi, tó bá ti dún lẹ́ẹ̀kan, àfi ká tún un kì. Ó dún, àwọn ọ̀bọ fọ́n ká sórí igi. Bàbá mi ń ki ẹ̀tù, wọn ò wojú mi. Wọ́n ní, “Tún un lù.” Mo tún un lù. Àwọn ọ̀bọ tún sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rù ìbọn ń bà wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n gba abọ́ mi gbọ́ ju ìbọn lọ. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo lù ú. Kò ṣe mí bákan. Ara mi kàn kú, bí ìgbà téèyàn bá jókòó lé ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn àlejò dé, nítorí kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n dúró nínú igbó títí di ọ̀sán. Obìnrin kan bi mí pé ìgbà wo làwọn ọ̀bọ ń padà bọ̀. Mo ní mi ò mọ̀, mo sì wé dòdò fún un. Gbogbo ọjà mi ló tà lọ́jọ́ náà. Bàbá mi ò yìnbọn mọ́ láyé wọn, títí wọ́n sì fi papòdà, a ò sọ̀rọ̀ náà láàárín ara wa.

Ní báyìí, àwọn ọ̀dọ́ abúlé tó kàwé ní ọ̀bọ díẹ̀ ti tún wà létí odò. Wọ́n fẹ́ máa mú àlejò wá, wọ́n sì wá gbàmọ̀ràn lọ́wọ́ mi. Mo ní kí wọ́n ṣe é, ohun tó dáa ni. Mo ní kí wọ́n máa wò wọ́n lókèèrè, ọ̀bọ tó bá ń sá fún èèyàn, kí wọ́n jẹ́ kó máa sá. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá ọ̀rọ̀ ìgbà yẹn dùn mí. Mo ní rárá. Irọ́ kọ́ ni mo pa fún un. Nígbà tá a délé láàárọ̀ ọjọ́ tá a pa àwọn ọ̀bọ náà, mo dáná, mo gbé epo kaná, mo jókòó tì í, mò ń retí kó dùn mí. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, mo ṣì ń retí rẹ̀.