Ọkùnrin Tó Ń Bá Ìyàwó Rẹ̀ Rìn

Ikọ́ ife ṣe mí nígbà tí àbíkẹ́yìn mi ṣì kéré. Mo lo oògùn rẹ̀ pé, wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n ní ó ti lọ. Ṣùgbọ́n ó ti ba ẹ̀dọ̀fóró mi jẹ́ kó tó lọ. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìwó, àyà mi á tún kó àrùn, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á dí mi lọ́fun, màá sì ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi pa fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta. Lọ́dún tó kọjá, dókítà ní oògùn nìkan kò tó mọ́, kí n máa wá ṣe eré ìdárayá nílé ìwòsàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, èmi tí n kò lè gun àtẹ̀gùn mẹ́wàá kí n má dúró mí.

Àwa mẹ́rin péré la kọ́kọ́ wà níbẹ̀, obìnrin ni gbogbo wa. Ẹni tó ń darí wa kò ju àkọ́bí mi lọ. Ó kọ́ wa pé tí a bá ń mí jáde, ká ṣu ẹnu jọ bí ẹni tó fẹ́ súfèé. Ó ní ká máa gbé ike omi tí a rọ yanrìn kún sókè sódò. Lẹ́yìn náà, a ó fi ìṣẹ́jú mẹ́fà rìn láàárín àga méjì, òun á sì máa ka iye ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ tó bọ̀. Èmi ni mo máa ń ṣe jù, títí obìnrin kan fi dé láti Olúpọ̀nnà.

Ọkọ rẹ̀ ló ń fi ọ̀kadà gbé e wá. Bí ìyàwó bá dìde láti rìn, òun náà á dìde, á di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú, wọn á jọ máa lọ, wọn á jọ máa bọ̀, á máa rọra bá a sọ̀rọ̀. Ọkọ tèmi wà láyé, ara wọn le, ṣọ́ọ̀bù wọn kò sì jìnnà síbẹ̀. Nígbà tí mo ní kí wọ́n sìn mí lọ, wọ́n bi mí pé kí ni àwọn fẹ́ wò lára ẹni tó ń rìn lọ rìn bọ̀.

Tí mo bá ti gbọ́ ìró ọ̀kadà yẹn, inú mi á bàjẹ́. Lọ́jọ́ tí obìnrin náà ṣe méjìlá, tí gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún un, n kò gbé ọwọ́ mi nílẹ̀.

Mo lọ bá ẹni tó ń darí wa. Mo ní kò tọ́ kí ọkùnrin wà láàárín wa nígbà tí a bá ń tú híjáàbù kí wọ́n lè gbá wa lẹ́yìn kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ já. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni mo fi bo owú mi. Ó gbà mí gbọ́, ó sì ní kí ọkùnrin náà máa dúró níta.

Ní Ọjọ́bọ̀, obìnrin Olúpọ̀nnà ń táràrà, ọwọ́ rẹ̀ lára ògiri. Ó kọlu àga, ó dúró, ó ń mí gúlegúle. Mẹ́jọ ló ṣe. Èmi ṣe mẹ́rìnlá, inú mi sì dùn. Mo jókòó tì í, mo bi í bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ojú mi ni. Àtọ̀gbẹ ti bà á jẹ́. N kì í rí ibi tó yẹ kí n ti yí padà. Baálé mi ló máa ń sọ fún mi."

Ojú tì mí gidigidi. Kí n tó lọ sílé, mo jẹ́wọ́ fún ẹni tó ń darí wa. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin náà lẹ máa lọ pe ọkọ rẹ̀ wọlé." Mo pè é. Ọkùnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó rò pé èmi ni mo bá òun bẹ̀bẹ̀. N kò tíì lè sọ òótọ́ fún un di òní.

Nílé, mo sọ fún ọkọ mi pé mò ń jowú ìyàwó ẹlòmíràn. Wọ́n dá oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ dúró.

"Ṣé torí pé mi ò bá ẹ lọ ni?"

"Torí ẹ̀ ni."

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí ọkọ mi tó yọjú sílé ìwòsàn, tàwọn taṣọ iṣẹ́. Wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbáni lẹ́yìn, àmọ́ ọwọ́ wọn le, àfìgbà tí ẹni tó ń darí wa tún un kọ́ wọn.

Àràárọ̀ ni wọ́n ń gbá mi lẹ́yìn báyìí. Òjò ọdún yìí ti dé, ọjọ́ mẹ́rin péré ni mo fi ti ṣọ́ọ̀bù pa. A tún jọ ń rìn nírọ̀lẹ́ lọ́nà Ilé-Ogbó, ṣùgbọ́n iwájú ni ọkọ mi máa ń wà, èmi á wà lẹ́yìn. Tí mo bá rí ọwọ́ ọkùnrin yẹn ní ìgbọ̀nwọ́ ìyàwó rẹ̀, mo ṣì máa ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.