Ẹ̀rọ Tó Ń Dákẹ́ Lóru Nílé Murdo

Ailsa Dowie kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàárà gbọ́. Kì í ṣe pé ó kórìíra èèyàn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ti fi ń tún ẹ̀rọ amúlégbóná ṣe káàkiri agbègbè Maniototo ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Oníbàárà á ní òun ò fọwọ́ kan nǹkan kan, Ailsa á sì bá bọ́tà lára rìmóòtù. Òmíràn á búra pé àná lòun fọ asẹ́ inú ẹ̀rọ, irun ológbò á sì ti bo asẹ́ náà dẹ́dẹ́. Nítorí náà, tó bá wọ ilé onílé, á kí wọn, á gba tíì tí wọ́n bá fún un, á jẹ́ kí wọ́n rojọ́ tán, lẹ́yìn náà ló máa lọ wo ibi tí wọn ò mẹ́nu bà.

Lọ́jọ́ Wẹ́sídeè kan nínú oṣù Keje, tí òtútù máa ń mú jù lọ níbẹ̀, nígbà tí ìrì dídì ti bo gbogbo pápá funfun, Glenys Haugh pè é láti ìlú Dunedin. Bàbá Glenys, Murdo, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ rẹ́ irun àgùntàn, ló ń dá gbé nínú ilé onípákó kan lẹ́yìn ìlú Ranfurly. Òtútù àyà ti gbé bàbá náà dé ọsíbítù lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan. Nọ́ọ̀sì ìjọba tó ń ṣàyẹ̀wò àwọn arúgbó máa dé lágogo mẹ́jọ àárọ̀ Fúráìdè, ó sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí inú ilé ò bá gbóná tó dígírì méjìdínlógún, òun ò ní fọwọ́ sí i pé kí Murdo máa dá gbé mọ́. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Dunedin ti fi yàrá sílẹ̀ dè é.

Ẹ̀rọ amúlégbóná wà nínú ilé náà. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Àmọ́ ní gbogbo ìdájí, fóònù Glenys, tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ náà, máa ń fi hàn án pé inú ilé bàbá rẹ̀ ti tutù wọ dígírì mọ́kànlá, nígbà míì mẹ́wàá. Ó ti pe atúnrọṣe méjì kí ó tó pe Ailsa. Ọ̀sán gangan ni àwọn méjèèjì dé, wọ́n bá ẹ̀rọ náà tó ń fẹ́ ooru dáadáa, wọ́n ní kò sóhun tó ṣe é.

“Dádì ló ń pa á,” Glenys wí. “Ẹ mọ irú wọn. Wọ́n á ní ooru ń sọ èèyàn di ọ̀lẹ.”

Ailsa bi í bóyá Glenys náà lè fi fóònù rẹ̀ pa ẹ̀rọ náà láti Dunedin. Glenys ní òun lè pa á, ṣùgbọ́n kí lòun á fi ṣe bẹ́ẹ̀? Ailsa kọ orúkọ méjì sínú ìwé kékeré rẹ̀, ti bàbá àti ti ọmọ, ó sì fi àmì ìbéèrè sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni ìgbà tí òun ń bọ̀. Àárọ̀ Tọ́sìdeè, aago méje ti lé díẹ̀, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, ó kan ilẹ̀kùn Murdo. Bàbá náà ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú fìlà onírun lórí àti súwẹ́tà méjì lọ́rùn.

“Ọmọ Ted,” ó ní, “ta ló rán ọ?”

Ted ni bàbá Ailsa. Òun àti Murdo ti jọ rẹ́ irun àgùntàn nígbà èwe. Ailsa ní Glenys ló pe òun.

“Mo mọ̀. Sọ fún un pé mi ò tíì kú.”

“Ẹ sọ fún un fúnra yín. Òtútù ń pa mí níta níbí.”

Murdo wò ó láti orí dé bàtà kí ó tó yẹ̀ fún un.

Òtútù inú ilé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú tìta. Òṣùwọ̀n Ailsa kà á sí mọ́kànlá ààbọ̀. Ó mú rìmóòtù: àwòrán oòrùn ló wà lójú rẹ̀, kì í ṣe ti yìnyín, ó sì wà lórí méjìlélógún. Bátìrì rẹ̀ dára. Ó ṣí ìdérí ẹ̀ka ẹ̀rọ tó wà lára ògiri, ó fa asẹ́ jáde, ó sì bá a tó mọ́ tónítóní bí awo oúnjẹ ọjọ́ Àìkú. Èyí gan-an kọ ọ́ lóminú, torí kò tíì rí asẹ́ oníbàárà tó mọ́ tó báyẹn rí. Murdo ní gbogbo Sátidé lòun máa ń fọ̀ ọ́. Ailsa gbé ọwọ́ sí ẹnu ẹ̀rọ. Atẹ́gùn tó ń jáde ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, bíi ti ẹ̀rọ tí wọ́n tàn ní wákàtí kan sẹ́yìn.

Ó bi Murdo ìgbà tó tan ẹ̀rọ. Murdo ní òun ò pa á rí, yàtọ̀ sí asẹ́ òun ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó tún bi í. Bàbá náà gbé kẹ́tùrù ka iná, ó kẹ́yìn sí i, ó wá sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń ròyìn ojú ọjọ́.

“Glenys ló ń pa á. Á jókòó sí Dunedin, á tẹ fóònù. Ó fẹ́ fi òtútù lé mi kúrò nílé mi.”

Ailsa ò fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn. Ó ti rí ọmọ tó ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lọ mú ohun èlò kan nínú ọkọ̀, èyí tó fi máa ń ka ohun tí ẹ̀rọ rántí, ó so ó mọ́ ọn, ó jókòó tì í. Ìrántí ẹ̀rọ kò ní ojúsàájú. Láti ọ̀sẹ̀ kan, kò sẹ́ni tó fi rìmóòtù pa á, kò sì sẹ́ni tó fi fóònù pa á. Òun fúnra rẹ̀ ló ń dúró, lóròòru, nítorí pé atẹ́gùn kò ráyè kọjá lára àpótí rẹ̀ tó wà níta. Bó bá di aago mẹ́fà ìdájí, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ailsa fa ìlà lé orúkọ méjèèjì nínú ìwé rẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn. Ẹ̀rọ kì í fún ara rẹ̀ lọ́rùn.

Ó jáde lọ wo àpótí ìta. Murdo tẹ̀ lé e, kọ́ọ̀bù tíì lọ́wọ́. Kò sí igi ìdáná tí wọ́n tò síwájú àpótí náà, kò sí koríko, kò sí ewé. Gbogbo àyíká rẹ̀ ṣófo. Síbẹ̀ yìnyín ti hù sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìpele-ìpele. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tún ya Ailsa lẹ́nu jù: omi tó kán síbẹ̀ ti dì, etí rẹ̀ sì gún régé lọ́nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ìgbà tí nǹkan kan yí i ká tí kò jẹ́ kó ṣàn kọjá. Ó tẹjú mọ́ àárín àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀yìn àpótí. Fọ́nrán aláwọ̀ ilẹ̀ kan ti dì mọ́ inú yìnyín. Ó fà á jáde, ó fi ìka fọ́ ọ. Fọ́nrán ìdọ̀họ ni.

Ó gbójú sókè. Ìṣísẹ̀ méjì sí ibẹ̀, igi ọsàn wẹ́wẹ́ kan wà nínú ìkòkò lábẹ́ òrùlé, tí wọ́n fi aṣọ wé láti orí dé ìdí, tí wọ́n sì fi okùn búlúù gbà á ní ìbàdí. Ó bi Murdo ta ló ni igi. Murdo ní Isobel, ìyàwó òun tó ti kú, ló gbìn ín. Òun lòun máa ń wé e nírọ̀lẹ́, bí oòrùn bá sì kàn án láàárọ̀, òun á tú u.

“Kí ló wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì yẹn?” Ailsa bi í, ó nawọ́ sí ahéré onípákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé.

“Irinṣẹ́.”

Ailsa ṣí ilẹ̀kùn ṣẹ́ẹ̀dì. Àpò ìdọ̀họ ńlá kan, irú èyí tí wọ́n ń di irun àgùntàn sí láyé àtijọ́, dá dúró ní àárín ilẹ̀ láìsí ẹni tó dì í mú. Omi ara rẹ̀ ti dì, ó sì ti gan paali. Èjìká rẹ̀ dọ́gba, igun rẹ̀ pé mẹ́rin, ibi tí páìpù gbà kọjá pàápàá ti tẹ̀ sínú. Bí àpótí ìta ṣe rí gẹ́lẹ́ ló ṣe rí.

Ailsa wò ó títí.

“Murdo, ṣé ẹ̀yin lẹ bò ó?”

“Ta ni kò ní bò ó? Òtútù àná já sí dígírì mẹ́sàn-án nísàlẹ̀ òdo.”

“Ẹ ní ẹ ò fọwọ́ kàn án.”

“Mi ò fọwọ́ kàn án. Aṣọ ni mo dà bò ó. Ìwọ ọmọ Ted, ṣé o máa ń fi ọmọ àgùntàn sílẹ̀ níhòhò nínú ìrì?”

Ó wá rò ó fún un. Nígbà tí òtútù dé, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kérora lóru. Á gbọ̀n, omi á máa kán lára rẹ̀, èéfín á máa rú lórí rẹ̀ bíi ti abo àgùntàn tí ibà ń ṣe. Murdo kò lè sùn. Ó gbé àpò àtijọ́ rẹ̀ jáde, ó da á bo ẹ̀rọ, ó fi okùn dì í. Kò pẹ́, ẹ̀rọ dákẹ́, ó sùn wọ̀ọ̀. Látìgbà náà ló ti ń bò ó nírọ̀lẹ́. Bó bá jí lágogo mẹ́fà láti lọ bu omi fún adìyẹ, á ṣí i kí ẹ̀rọ náà lè jí lọ síbi iṣẹ́. Àwọn méjì tó wá lọ́sàn-án bi í léèrè rìmóòtù, wọ́n bi í léèrè asẹ́. Wọn ò bi í léèrè aṣọ. Òun kì í sì í kọ́ oníṣẹ́ níṣẹ́ rẹ̀.

Ailsa fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ó ṣàlàyé fún un pé ẹ̀rọ náà kò wá gba òtútù níta. Ooru ló ń wá. Bó ti wù kí afẹ́fẹ́ tutù tó, ooru díẹ̀ wà nínú rẹ̀, àpótí yẹn ló ń fà á wọlé. Kíkérora àti èéfín yẹn, yìnyín ara rẹ̀ ló ń yọ́ dànù. “Àti pé kì í sùn, Murdo. Dídákú ló ń dákú.”

Murdo mu tíì rẹ̀ díẹ̀.

“Kó máa fa ooru nínú afẹ́fẹ́ yìí? Ted náà máa ń parọ́, ṣùgbọ́n kò parọ́ tó tó báyìí rí.”

“Ẹ má gbà mí gbọ́. Ẹ ṣáà má bò ó lálẹ́ yìí, kẹ́ ẹ wo òṣùwọ̀n lọ́la.”

Bàbá náà ò sọ pé òun gbà, kò sì sọ pé òun kọ̀. Nígbà tí Ailsa ń da omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí yìnyín ẹ̀yìn àpótí, Murdo rọra bi í ohun tó máa sọ fún Glenys. Bí Glenys bá gbọ́ pé bàbá rẹ̀ ń wọ aṣọ fún ẹ̀rọ, á ní orí bàbá ti dàrú, yàrá Dunedin á sì di dandan. Ṣé Ailsa ò lè kọ ọ́ pé wáyà kan ló já?

Ailsa ní òun kì í kọ ohun tí òun ò rí.

Murdo gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ wọlé, kò sì jáde mọ́. Ailsa fẹ́ gbé àpò ìdọ̀họ náà sínú ọkọ̀ lọ kó má bàa sí ìdánwò, ṣùgbọ́n ohun olóhun ni. Ó fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn títí ó fi délé.

Láàárọ̀ Fúráìdè, Ailsa ti débẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù. Níta, ẹ̀rọ wà ní ìhòhò, ó ń kérora, èéfín ń rú lórí rẹ̀. Glenys ti dé láti Dunedin, ojú rẹ̀ pọ́n. Nọ́ọ̀sì náà, Tavita, dé lákòókò gan-an. Kò wo òṣùwọ̀n ara ògiri rárá; ó gbé tirẹ̀ jáde nínú báàgì, ó gbé e ka tábìlì. Bó ti ń dúró dè é, ó lọ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ibi ìdáná, kó lè mọ̀ bóyá wọ́n ti dáná èédú níbẹ̀ ní ìdájí láti tan òun. Ó tutù. Ailsa nífẹ̀ẹ́ obìnrin náà lójú ẹsẹ̀.

Mọ́kàndínlógún ààbọ̀.

“Kí ló ṣe ẹ̀rọ yìí gan-an?” Glenys bi Ailsa.

Ailsa na ìwé sí i. Ohun tó rí ló kọ síbẹ̀: wọ́n bo àpótí ìta, wọ́n ti ṣí i, ó ń ṣiṣẹ́.

“Ta ló bò ó?”

Ailsa wo Murdo. Murdo gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ kalẹ̀.

“Èmi ni. Mo rò pé òtútù ń mú un.”

Bírò nọ́ọ̀sì dúró lórí ìwé. Ó ní kí bàbá náà ṣàlàyé. Murdo ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀: kíkérora, èéfín, àpò, dídákẹ́. Ó wá bọ́ sí ibi tí Ailsa kò retí. Ó ní ṣé wọ́n rí i, ẹ̀rọ yìí kì í sùn, dídákú ló ń dákú, torí ooru inú òtútù ló ń fà, aṣọ kì í jẹ́ kó rí i fà. Ó tò ó lẹ́sẹẹsẹ, kò fo ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì bi í bí alẹ́ àná ṣe rí.

“Ó kérora mọ́jú. Mi ò sùn. Ṣùgbọ́n mi ò jáde lọ bá a.”

Tavita kọ nǹkan tó gùn. Lẹ́yìn náà ó ní òun á padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí Murdo máa gbé ilé rẹ̀ títí di ìgbà náà. “Ọ̀kan wà nílé tèmi,” ó wí fún Glenys, “òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Orí bàbá yín pé.”

Nígbà tó lọ tán, Glenys ní, “Dádì, mo rò pé ẹ̀yin lẹ ń pa á.”

“Èmi náà rò pé ìwọ ni.”

Wọ́n wo ara wọn bí olè méjì tó pàdé nínú oko kan náà. Glenys mú fóònù rẹ̀, ó ní òun máa yọ ẹ̀rọ náà kúrò lórí rẹ̀ báyìí.

“Fi sílẹ̀,” Murdo wí. “Kó o lè máa rí i pé mi ò bò ó.”

Ailsa ní iṣẹ́ ní Naseby lọ́jọ́ náà. Nígbà tó ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́, tí oòrùn ń wọ̀, kò gba ojú ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó lọ dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà ní ìkángun pápá Murdo, ó pa iná ọkọ̀. Kò pẹ́, bàbá náà jáde láti ṣẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú àpò ìdọ̀họ lápá. Ó dúró níwájú ẹ̀rọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó fọwọ́ lù ú pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń tu àgùntàn nínú. Lẹ́yìn náà ó lọ da àpò náà bo igi ọsàn wẹ́wẹ́ lórí aṣọ tó ti wé mọ́ ọn, ó fi okùn dì í, ó wọlé.

Ailsa tún jókòó síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bóyá bàbá náà máa tún jáde, kí ó tó ṣíná ọkọ̀.